Àdápítọ̀ Inú Ike Ọṣẹ

Mo kórìíra àbúrò ìyá mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi ìdajì ọ̀rọ̀ pa mọ́. Wọ́n kọ́ mi dáadáa nílé: mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, Ọ́ńkù ni mo máa ń pè é, mo sì máa ń gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ọjọ́ kan tí mo la ẹnu sọ fún un pé mo kórìíra rẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà kan náà tó máa ń ní kí ọmọdé dákẹ́. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, ìyá mi nìkan ni mo máa bọ̀wọ̀ fún. Ọ́ńkù ti gba ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ mi tó.

Tíṣà ni ìyá mi. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Kétu títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún yẹn, wọ́n ń kọ ìtàn fún àwọn ọmọ náà lédè Yorùbá, nítorí wọ́n ní ìwé tí àwọn ọmọ ń kà ní kíláàsì kò mọ̀ pé Ìkòsí, àdúgbò wa, wà láyé. Ìtàn ọmọ tó sọnù sáàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátò ní Mile 12 wà níbẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síléèwé nígbà tí odò bá kún wà níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti adìyẹ kan tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tó sì padà sílé lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo ìtàn náà jẹ́ mọ́kànlélógójì.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ wọ́n sí. Ọ́ńkù ló fi ránṣẹ́ sí wọn láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Pátákó ìtẹ̀wé kan tó ki pọ́pọ́ ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí mílíìkì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò ní ojú tirẹ̀. Ara tẹlifíṣọ̀n la máa ń so ó mọ́, ìyẹn ló sì fà á tí àwa ọmọ kì í fi í rí eré wò ní Sátidé. Inú kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin, ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí. Bí ìyá mi bá fẹ́ ṣí ìtàn kan, kásẹ́ẹ̀tì náà á máa pariwo fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí ọ̀rọ̀ tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ti kú kí n tó wọ girama, a ò sì rí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ rà mọ́ níbikíbi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó rí ọ̀kan nínú àwọn ìtàn yẹn lórí ìwé.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń sé wọlé, bí ìgbà tí èèyàn ń rọra ti ilẹ̀kùn. Dókítà ojú pè mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní kí n má retí pé wọ́n á ṣì máa ríran lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ nílé, àmọ́ ìyá mi ti mọ̀ kí n tó sọ ọ́. Wọ́n ò sunkún. Wọ́n kàn ní, "Mo fẹ́ fojú ara mi rí ìtàn mi nínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Ọlọ́run máa ṣe ìfẹ́ ẹ̀."

Mo ní kọ̀ǹpútà tuntun kan nínú yàrá mi, èyí tí mo rà níbi iṣẹ́ mi ní Mẹ́ńdè nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ tiwọn. Ó lè tẹ ìwé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò gbọ́ èdè kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí àtijọ́ fi lè bá tuntun sọ̀rọ̀ ni ihò tí wọ́n ń pè ní síríà: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á máa tẹ̀lé ara wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ọmọ iléèwé ìyá mi ṣe máa ń tò wọ kíláàsì láàárọ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ihò náà. Ṣùgbọ́n ihò ti àtijọ́ rí pẹlẹbẹ, ti tuntun sì ní eyín mẹ́sàn-án. Èyí tó tún wá burú jù ni pé agbára iná tó ń ti ihò tuntun jáde ju èyí tí àtijọ́ lè gbé lọ dáadáa. Bí èèyàn bá so wọ́n pọ̀ tààrà, àtijọ́ á jóná. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa dúró sáàárín láti bá a rọ agbára náà sílẹ̀. Àdápítọ̀ nìyẹn.

Mo lọ tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní káfé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Kétu. Mo wá a dé ọjà àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, níbi tí ọkùnrin kan ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. "Àǹtí, ṣé mùsíọ́ọ̀mù lẹ fẹ́ gbé e lọ ni?" Èébú ni mo fi dá a lóhùn. Nígbà tó yá, mo rí ìyá tó ń ta wóróbo inú rédíò nínú agolo mílíìkì, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ra nǹkan kékeré dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí kò ju èékánná lọ, òun ló máa rọ agbára iná náà sílẹ̀.

Ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ibùdókọ̀ Kétu ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi òjé lẹ wáyà. Ọkùnrin náà ò ní sùúrù rárá. "Àǹtí, ẹ̀ ń fi òjé mi ṣòfò! Ẹ jẹ́ kí irin yẹn gbóná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ṣé báyìí lẹ ṣe ń se ọbẹ̀ nílé ni?" Ó ṣe mí bíi kí n fi irin gbígbóná náà kàn án létí. Sátidé mẹ́ta ni mo fi jókòó sórí àpótí rẹ̀. Mo jó ìka ìlábẹ̀ mi, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní Sátidé kẹta, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára iná wọn àdápítọ̀ náà, ó wo nọ́ńbà, ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Ó pé o. Kò lè pa nǹkan kan." Bí nǹkan kan bá wà tí mo ṣe láyé mi tí mo lè fi yangàn, òun nìyẹn.

Kò ní ilé tó máa gbé, nítorí náà mo mú ike ọṣẹ ìyá mi, aláwọ̀ ewé, onídèérí. Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i lápá méjèèjì, wáyà gba ibẹ̀ kọjá, mo dé e pa.

Mo gbé e dé iwájú wọn lọ́sàn-án Sátidé yẹn gan-an. Mo ti gbé kọ̀ǹpútà tuntun wá sí pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ti wà ní títàn, kásẹ́ẹ̀tì ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìyá mi fọwọ́ pa ike ọṣẹ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé o ti sọ fún Ọ́ńkù ẹ?"

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn, Mọ́mì?"

"Pé a fẹ́ fi wáyà bọ nǹkan wọn nídìí. Àwọn ni wọ́n rà á. Èèyàn ò ní fún ọ ní nǹkan kó o wá máa tú ìdí ẹ̀ láìsọ fún wọn. Kò dáa."

"Mọ́mì, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti fún yín o."

"Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe yíyá. Torí ẹ̀ ló ṣe yẹ ká sọ fún wọn. Pè wọ́n."

Mo pè é. Ó ti padà dé láti òkè òkun nígbà yẹn, ó ń gbé ní Ìṣẹrí Olówóóra. Ó pariwo sí mi létí lórí fóònù pé, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o! Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mo ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀." Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tó ń ta kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ìyá mi, mo wà níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ ọdẹ, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ ní wáyà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń bọ̀. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń pè é, gbogbo Sátidé ló máa ń sọ pé òun ti wọ bàtà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ìyá mi forí gbá férémù ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n da iyọ̀ sínú tíì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo orí wọn bí wọ́n bá fẹ́ wo ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ike ọṣẹ náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n, iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀, ó ń wò mí.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò ṣe é lẹ́yìn wọn, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wákàtí mélòó kan péré ni. Mo ti sọ fún wọn pé mi ò ní fọwọ́ kàn án ni, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Ọmọ dáadáa ni mí. Kí Ọlọ́run má tún jẹ́ kí n jẹ́ ọmọ dáadáa mọ́.

Ọjọ́ tó máa dé, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, òórùn tòmátò jíjẹrà láti Mile 12 ti gba gbogbo pálọ̀ wa. Ọ́ńkù wọlé tòun ti kóòtù. Mo kúnlẹ̀, mo gba báàgì. Ó jẹun, ó ní ẹran náà le, ó béèrè fún òmíràn. Lẹ́yìn náà ló wá rí ike ọṣẹ.

"Ike ọṣẹ! Sístà mi, ẹ wá gbọ́ nǹkan tí ọmọ yín fẹ́ so mọ́ kọ̀ǹpútà tí mo fowó òyìnbó rà. Ṣé ó fẹ́ fi wẹ̀ ni?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ọ́ńkù yọ wáyà kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní kò sí ohun tí a fẹ́ fi nǹkan àárín ṣe, "Dáírẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kònẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù." Ó mú ẹ̀mú, ó gé àdápítọ̀ mi kúrò láàárín wáyà tí mo so mọ́ ọn, kó lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, kàn-án, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ju ike ọṣẹ náà sórí àga.

Mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyí, mi ò gbàgbé ọ̀kan níbẹ̀: "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú o. Ó jọ pé wọ́n ní agbára ti tuntun yẹn lè fẹ́ pọ̀ díẹ̀ fún àtijọ́ yẹn sà. Bóyá ká kàn jẹ́ kí ti àárín yẹn wà níbẹ̀ sà, tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn tó mọ òtítọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó jọ pé, wọ́n ní, díẹ̀, bóyá. Ohun tó yẹ kí n sọ kò gùn rárá: "Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀, ẹ máa sun ún." Mo ní in lẹ́nu. Mo tọ́ ọ wò. Mo gbé e mì.

Ọ́ńkù ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Òótọ́ ni, àkísà ló kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá mi ní, "Jẹ́ kí Ọ́ńkù ẹ ṣe é, wọ́n mọ̀ ọ́n." Mo sì jẹ́ kó ṣe é. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: nígbà tó ń so wáyà náà, ó ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó ní kí n wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo dì í mú dáadáa kó lè ríran.

Nígbà tó tan án, kò pariwo. Tẹlifíṣọ̀n gbọ̀n, ó fa ìlà, ó tún padà bọ̀ sípò. Òórùn kan jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ, bí ìgbà tí ìdí ìkòkò bá jó, èéfín tín-ínrín kan sì bá a jáde. Èmi àti Ọ́ńkù rí i. Ìyá mi ò rí i.

"Kí ló ń rùn?"

"Kò sí nǹkan kan, Sístà mi. Iná àdúgbò yín yìí ni kò dáa. Ó ń ṣe ségesège." Ó ti ń di báàgì rẹ̀. Ó ní ká jẹ́ kó tutù, òun á tún padà wá. Kò padà wá fún iṣẹ́ yẹn mọ́.

Ìyá mi dìde, wọ́n ń fọwọ́ tá àga. "O ṣé gan-an, àbúrò mi, o kú wàhálà." Wọ́n wá kọjú sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà. "Ìwọ náà, wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ́ńkù ẹ."

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí èéfín ṣì wà lókè rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé sà. Ẹ kú wàhálà sà. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn nìkan ni mo sọ tọkàntọkàn.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá ọ̀gá onírédíò, ó ṣí i, ó sì gbé irin rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ rántí bú mi. Ohun tó ń darí ihò síríà náà ti dúdú, ó sì ti là sí méjì, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Èkó. Ẹ̀rọ náà ṣì lè ka kásẹ́ẹ̀tì, ó ṣì lè fi ọ̀rọ̀ hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò kàn lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ ni.

Ó wá ku ọwọ́ mi. Mo ń wo tẹlifíṣọ̀n, mo ń tẹ ohun tí mo rí sínú kọ̀ǹpútà tuntun, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ìdájí kí n tó lọ síbi iṣẹ́, àti ní Sátidé, tí iná bá wà. Bí iná bá lọ kí kásẹ́ẹ̀tì tó ka ìtàn kan tán, màá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kásẹ́ẹ̀tì míì ti bu, mo máa ń nù ún, mo máa ń yí i, mo máa ń ṣépè fún un. Oṣù méje ló gbà mí. Ọ̀sán Sátidé kan ni ike ọṣẹ náà ì bá fi ṣe é.

Ìyá mi máa ń jókòó tì mí. Ní oṣù kẹta, mo ṣàkíyèsí pé wọn kì í kọjú sí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ní oṣù karùn-ún, lọ́sàn-án gangan, mò ń tẹ ìtàn adìyẹ, wọ́n ní, "Ṣé iná ti lọ ni?" Iná wà. Tẹlifíṣọ̀n ń tàn sí wọn lójú. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ó ti lọ." Mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ, wọ́n ń gbọ́ ìró ìka mi.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, wọ́n ní ó ku ojú ewé kan, èyí tó máa ṣáájú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí àwọn ṣe ń pè é: "Mo fi ìwé yìí fún àbúrò mi, tó fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun, tó sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Ọlọ́run á bù kún un." Wọ́n ní kí n kà á fún wọn. Mo kà á. Mo ní mo ti kọ ọ́.

Mi ò kọ ọ́. Mo fi ojú ewé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní funfun.

Mo tẹ ìwé náà ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, fún ojú tí kò sí níbẹ̀ mọ́, mo sì lọ dì í ní Kétu. Mo gbé e fún wọn lórí ìdúró. Títí di ọjọ́ yẹn, mi ò gbé nǹkan fún ìyá mi rí láìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa rí mi? Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ka ojú ewé rẹ̀ pẹ̀lú ìka. Wọ́n ní, "Ti àbúrò mi dà?" Mo mú ìka wọn, mo gbé e lé ibi tí kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń pa á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín bí mo ṣe purọ́ fún wọn: inú mi dùn gan-an.

Ọ́ńkù wá ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi ti dúró dè é láti àárọ̀, ìwé náà lórí itan wọn. "Ṣí iwájú ẹ̀. Ka nǹkan tí mo kọ nípa ẹ." Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo káwọ́ gbera. Mo ti ń retí ìṣẹ́jú yìí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ó ṣí i. Ó wò ó. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò mí, ó wò mí pẹ́. Mi ò gbé ojú mi kúrò.

Ìyá mi ní, "Ṣé o ti kà á?"

Ọ́ńkù ṣí fìlà. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tòun ti kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ níwájú ìyá mi, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. "Mo ti kà á, Sístà mi. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa."

Ìyá mi na ọwọ́, wọ́n ń wá orí rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, níbi tí orí ẹni tó dúró máa ń wà. Wọn ò bá a níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ ló wà.

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èmi ti dúró ṣánṣán gbé ìwé náà fún wọn, nítorí mo mọ̀ pé wọn ò rí mi.